Bí Ọdẹkúnlé Ṣe To Agbábọ́ọ̀lù Bí Ẹni Ń To Iṣu

Kíláàsì kẹta ni Ọdẹkúnlé ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹrù ló mọ̀ ọ́n tò. Ogójì ọdún ló fi to iṣu, gaàrí àti ọsàn sínú ọkọ̀ akẹ́rù ní gáréèjì Ayétòrò. Ọkọ̀ tó bá tò kì í fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá lọ jẹun, àwọn dírẹ́bà á dúró dè é. Wọn kì í dúró de ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó máa kọ́kọ́ já ẹrù ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ti Èkó lẹ máa kọ́kọ́ kó wọlé, kó lọ sí inú lọ́hùn-ún. Ti Abẹ́òkúta lẹ máa kó kẹ́yìn, kó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohun tó kọ́kọ́ wọlé ló ń jáde kẹ́yìn. Ohun tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá ṣe é sódì, wọ́n á tú gbogbo iṣu sílẹ̀ nínú oòrùn ní Abẹ́òkúta, wọ́n á sì bú u dé orí ìyá rẹ̀. Wọn ò bú ìyá Ọdẹkúnlé rí nítorí ẹrù.

Ó láápọn, ó sì gbọ́n àgbọ́njù díẹ̀. Dírẹ́bà kan pè é ní aláìmọ̀wé nígbà kan. Ọdẹkúnlé gbé báàgì aṣọ dírẹ́bà náà, ó tì í sí inú lọ́hùn-ún, ó to iṣu Èkó lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi wọ ẹyọ ẹ̀wù kan. Nígbà tó padà dé, òun ló kọ́kọ́ kí Ọdẹkúnlé.

Akínyẹmí lẹnì kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Ọdẹkúnlé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Inú agboolé kan ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Láti kékeré ni àwọn ìyá wọn ti ní Ọdẹkúnlé ni ẹ̀gbọ́n. Akínyẹmí gbà bẹ́ẹ̀. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tó fi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tó ń sọ "ẹ" fún un, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀. Ìgbà tí àwọn àgbà ilé sì kú tán, Ọdẹkúnlé ni olórí agboolé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Àfi ìgbà tí Akínyẹmí ń kó ìwé ìfẹ̀yìntì jọ, tó rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó gbé e tọ Ọdẹkúnlé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo déètì yìí."

"Mi ò rí i. Ojú mi ò dá."

"Oṣù kejì ni wọ́n bí mi, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ ní ọdún yẹn náà ni wọ́n bí yín, ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjì ò jà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Inú òjò ni. Èmi ni mo ṣáájú."

"Ìjì méjì ló jà lọ́dún yẹn."

"Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì méjì náà ló ṣí?"

"Òrùlé kan náà ló ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò kàn án dáadáa."

Ọdún méje ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Akínyẹmí ò ṣíwọ́ pípè é ní ẹ̀gbọ́n, torí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó bá ti pè é tán, á wo ọ̀nà ibòmíràn bí ẹni tí ehín ń dùn.

Purity ló wá mú eré bọ́ọ̀lù wá. Ọmọ pásítọ̀ ni Purity, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ ìwé lódìkejì gáréèjì. Ọdún yìí ni àwọn ìlú mẹ́fà kan gbé ìdíje bọ́ọ̀lù kalẹ̀: Ayétòrò, Ìlaró, Ìmẹ̀kọ, Ìdògò, Tube àti Ìpókíá. Ọjọ́ Sátidé márùn-ún ni wọ́n máa fi gbá a. Purity kó orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù sínú kọ̀m̀pútà, ó wá bá wa lábẹ́ igi fúrúùtù tí a máa ń jókòó sí.

Ó ní ẹni mẹ́jọ ló máa ta á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ní agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tí í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ẹnì kan bá ti tẹ̀, ẹlòmíràn ò lè ní in mọ́. Bí agbábọ́ọ̀lù rẹ bá wọ pápá, o gba máàkì méjì. Bó bá gbá a wọlé, mẹ́wàá. Bí gólì rẹ ò bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé, mẹ́wàá. Bó bá gba káàdì pupa, wọ́n á yọ mẹ́wàá.

"Ta ló máa kọ́kọ́ mú agbábọ́ọ̀lù?" ni Akínyẹmí bi í.

"Ẹ̀rọ ló máa mú un fún yín, sà, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Oníkálùkù á to ogójì orúkọ wá fún mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ á máa mú wọn lọ bẹ́ ẹ ṣe tò wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti mú ẹnì kan kúrò lọ́wọ́ yín, á bọ́ sí ẹni tó tẹ̀ lé e."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò sọ pé láti òkè ni. Ta ló máa rò pé ó yẹ kí òun sọ ọ́?

Akínyẹmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi eléyìí sílẹ̀. Ọpọlọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe iṣu."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tó ju iṣu lọ? Kí èèyàn to nǹkan, kó jáde bó ṣe fẹ́ kó jáde. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ẹ ò lè nà mí."

"Bí o bá nà mí nínú eré yìí," ni Ọdẹkúnlé wí, "màá máa pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n."

Ẹni tó ń bó ọsàn dá ọ̀bẹ dúró.

"Ẹ tún un sọ, kí àwọn èèyàn gbọ́," ni Akínyẹmí wí.

"Wọ́n ti gbọ́. Màá pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, màá dọ̀bálẹ̀ fún ọ láàárọ̀, ìwọ ni wàá sì di olórí agboolé. Bí èmi bá nà ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oṣù kejì mọ́ títí n ó fi kú."

"Mo gbà."

Wọ́n bọwọ́ lójú wa. Ìròyìn ti dé Ìlaró kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọdẹkúnlé ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi gun ọ̀kadà kiri pápá. Ó lọ sí Ìdògò, ó lọ sí Ìmẹ̀kọ, ó dé Tube tó wà létí ààlà. Ó máa ń dúró sí ẹ̀yìn góòlù, á máa wo itan wọn. Ó ní kí Dèjì, ọmọ Ayétòrò tó ń gbá iwájú, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí òun fọwọ́ bà á. Dèjì rò pé bàbá náà ń wo èèyàn sàn, ó gbé e. "Ó kún," ni Ọdẹkúnlé wí, ó sì lọ. Ó lọ bá ìyá Ridwanullah, gólì Ìdògò, ó bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ láàárọ̀.

"Ẹ̀bà ni, Bàbá. Kí ló dé?"

"Ó dáa. Fi ẹyin kún un."

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Orí ló kó ogójì orúkọ náà sí. Lódà, ẹni tó ń to ẹrù sọ́kọ̀, tó bá mọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń mọ iṣu ogójì oníbàárà láìwo bébà.

Lọ́jọ́bọ̀ ó wọ ṣọ́ọ̀bù Purity, ó ti ilẹ̀kùn. Purity ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà, ó ń fi etí gèlè nu ojú bó ṣe ń sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Ooru ń mú."

"Kó máa mú. Akínyẹmí ní etí. Ó yá, tẹ̀ ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́, Oyèkúnlé, Ìdògò."

"Oyèkúnlé gólì kejì? Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nígbà Àjíǹde?"

"Òun."

"Òun lẹ fi ṣáájú?"

"Purity, ṣé ìwọ lo máa bá mi to ẹrù mi ni?"

"Rárá, sà."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kejì ni Cornelius ti Tube, tó ti lọ ta táyà ní Kútọnú láti ọdún tó kọjá. Ẹnì kẹta ni Ọmọ́délé ti Ìpókíá, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú tíìmù kan náà. Ẹnì kẹrin, ọmọ Ìmẹ̀kọ kan tó máa ń bá rẹfirí jà. Ẹnì karùn-ún, ẹnì kan ní Ìlaró tó jẹ́ pé àbúrò kóòṣì ni, kò sí ohun mìíràn tó jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ogún, Purity tún gbìyànjú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Ohunkóhun tó o bá fẹ́ sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìparí ni orúkọ ń dára sí i. Ẹni kejìdínlógójì gbá góòlù méje lọ́dún tó kọjá. Ẹni kọkàndínlógójì ni Ridwanullah. Nígbà tó ku ẹyọ kan, Ọdẹkúnlé fa àga mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dèjì."

"Dèjì ni ẹni ogójì?"

"Kó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn," ni Ọdẹkúnlé wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ilẹ̀kùn wo, sà?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, èmi ò ní bá ọ to ẹrù lọ́jọ́ tó o bá ń lọ sílé ọkọ."

Purity tẹ̀ ẹ́. Ó rò pé bóyá ọgbọ́n àgbà kan wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Purity lẹ bébà mọ́ igi fúrúùtù. Akínyẹmí fi awò ojú sójú, ó dúró bí ìgbà tó ń pe réjísítà ní kíláàsì. Ó ka tirẹ̀. Dèjì ló wà níwájú. Ó dá dúró kí a lè pàtẹ́wọ́. Ó ka ti àwọn yòókù. Ó wá dé orí Ọdẹkúnlé.

"Oyèkúnlé."

A wo ojú ara wa.

"Cornelius."

"Cornelius wo? Ti Kútọnú?" ni ẹnì kan bi í.

"Òun náà ni. Ọmọ́délé."

"Ọmọ́délé àgbàlagbà yẹn?"

Nígbà tó fi ka àbúrò kóòṣì, ẹni tó ń ta ọsàn ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Akínyẹmí ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ó ká awò ojú rẹ̀, ó fi sínú àpò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Ọdẹkúnlé já bébà náà lára igi. Ó wò ó. Ó dà á dé, ó tún wò ó. Èmi ló dúró tì í, èmi ló sì sọ ọ́ sí i létí pé, "Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u."

Mo rí i tí ó yé e. Ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yé, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀. Ogójì ọdún, ẹrù àkọ́kọ́ tó máa já síbi tí kò yẹ nìyẹn. Mo rò pé ó máa sọ fún Purity kó tún un ṣe. Kò sọ ọ́. Ó gbé orí sókè.

"Àwọn tí mo fẹ́ gan-an nìyí," ló wí.

"Oyèkúnlé lẹ fẹ́?" ni Akínyẹmí wí.

"Ìwọ máa wò ó."

Ohun tó wá ṣe lọ́sẹ̀ márùn-ún yẹn, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Ìdògò. Ó gbé òrí lọ fún Oyèkúnlé, ó ní kó máa fi para ẹsẹ̀ tó kán. Ó sọ fún kóòṣì Ìdògò pé ó ti rẹ Ridwanullah, kó jẹ́ kó sinmi kí Oyèkúnlé lè wọlé, ẹyin tí òun náà ní kí ìyá rẹ̀ máa fún un ló ń dà á láàmú. Kóòṣì lé e. Ó fi fóònù Morádéyọ̀, ìyàwó rẹ̀, pe Cornelius ní Kútọnú.

"Cornelius, ìlú ń pè ọ́."

"Ìlú wo, Bàbá?"

"Tube. O ti gbàgbé Tube?"

"Bàbá, mo ń ta táyà."

"Ta á lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Sátidé ni kó o wá."

Cornelius dé ní Sátidé kejì lóòótọ́, pẹ̀lú ikùn tó rù dé láti Kútọnú. Wọ́n jẹ́ kó wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Máàkì méjì. Àbúrò kóòṣì wọlé lẹ́ẹ̀kan. Máàkì méjì. Ọmọ Ìmẹ̀kọ tó ń bá rẹfirí jà, Ọdẹkúnlé lọ jókòó sẹ́yìn ìlà láti máa bẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi, pa ẹnu dé. Ọmọ mi, wo ilẹ̀." Ó pa ẹnu dé fún ìdajì àkọ́kọ́. Nínú ìdajì kejì, rẹfirí fún wọn ní pẹnáltì tí kò tọ́, Ọdẹkúnlé fúnra rẹ̀ dìde, ó bú rẹfirí. Ọmọ náà rò pé ó ti fún òun láàyè nìyẹn. Káàdì pupa.

Ọmọ́délé nìkan ló gbé e níyì. Ó gbá góòlù kan wọlé ní Sátidé kẹrin, orí ló fi kàn án, kò sì mọ̀ pé òun kàn án. Ọdẹkúnlé sá wọ pápá, ó gbé e. Ẹ̀yìn Ọmọ́délé fà, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ìdíje fi parí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, Akínyẹmí ní ọgọ́sàn-án máàkì ó lé. Ọdẹkúnlé ní mẹ́rìnlá. Òun ló kẹ́yìn nínú àwa mẹ́jọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo gáréèjì ti kóra jọ. Àwọn dírẹ́bà ò tíì gbéra. Akínyẹmí jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù nínú agbádá, ó ń ṣe bí ẹni tí kò retí nǹkan kan. Ọdẹkúnlé dé. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́. Mo rò pé á tẹ̀ díẹ̀ ni. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan yẹ̀pẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ariwo sọ. Akínyẹmí na ọwọ́ kan, ó fi kàn án léjìká. "Dìde... dìde, àbúrò mi." Omi wà lójú rẹ̀. Èmi rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Akínyẹmí fi jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ó ń gba gáréèjì kọjá nígbà mẹ́ta lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan láti rà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá ni Ọdẹkúnlé ń dọ̀bálẹ̀. Kò fi ẹyọ kan pamọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ọdẹkúnlé bẹ̀rẹ̀.

Roheemat, ìyàwó ilé kan nínú agboolé wọn, gbé ẹjọ́ wá. Ewúrẹ́ Fẹ́yìsetán tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ tó sá sóòrùn. Ẹjọ́ ewúrẹ́ yìí ti tó ọdún mẹ́rin. Ọdẹkúnlé ló mọ bó ṣe ń pa iná rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò mọ̀? Èmi kọ́ ni olórí ilé mọ́," ló wí. "Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ báyìí. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí."

Ó kó gbogbo wọn síbẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun. Àwọn méjì tí wọ́n ń jà lórí ògiri tí ò tíì dìde. Ìpàdé ẹbí ní Ìdògò, wákàtí mẹ́rin lórí àga onígi. Akínyẹmí máa ń fẹ́ fi ìwé yanjú ọ̀rọ̀. Ó kọ òfin mẹ́fà sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ewúrẹ́ jẹ bébà náà.

Bí wọ́n bá pàdé, Ọdẹkúnlé á ti wà nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ebi ń pa àbúrò yín. Ẹ̀gbọ́n, bàtà mi já. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rò nípa orúnkún mi yìí?"

"Ẹ̀... ìwọ Ọdẹkúnlé, ó tó gẹ́ẹ́."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ má rò pé ó ń dùn mọ́ Ọdẹkúnlé tán. Morádéyọ̀ sọ fún mi pé nírọ̀lẹ́, bó bá jẹun tán, á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, á sì máa wo ojú pópó.

"Bàbá Ọlámipọ̀, ta lẹ ń retí?"

"Kò sí."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn èèyàn fi dí ẹnu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ẹjọ́, ó sì máa ń kùn sí i. Nísinsìnyí tí wọn ò wá mọ́, kò mọ ohun tí yóò fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti bọwọ́, kò sì ní sọ pé òun fẹ́ ẹ padà. Akínyẹmí náà ti rù, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún méje jà fún un, kò lè sọ pé kí wọ́n wá gbé e kúrò lọ́rùn òun.

Bí ó ṣe wà nìyẹn títí àwọn ará Ìmẹ̀kọ fi wá tọrọ Lábísí.

Ọmọ àbúrò wọn obìnrin ni Lábísí, bàbá rẹ̀ ti kú. Olórí agboolé ló máa gba àlejò. Akínyẹmí jókòó sáàárín. Ọdẹkúnlé mú ìsàlẹ̀ níbi ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ó ká ọwọ́ sórí itan bí ọmọ rere. Wọ́n kí ara wọn. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tí bàbá àgbà kan láti Ìmẹ̀kọ wú ikọ́.

"Ọ̀rọ̀ kan wà," ló wí. "Wọ́n sọ fún wa pé obìnrin kan kúrò nílé wa láyé àtijọ́, ilé yìí ló wọ̀, ó sì bímọ síbí. Bí ọmọ rẹ̀ bá wà nínú yín, ẹ̀jẹ̀ kan ni wá. A ò lè fẹ́ ara wa. Olórí ilé, kí lẹ mọ̀ sí i?"

Gbogbo ojú yí sí Akínyẹmí. Lábísí ti di etí aṣọ rẹ̀ mú nínú yàrá, a rí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. Akínyẹmí la ẹnu. Kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí àwọn ìyá àgbà fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí, ó wà ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọdẹkúnlé ló máa ń bá wọn jókòó.

Ó wo òkè àjà. Ó wo bàtà rẹ̀. Òógùn bọ́ sí i nímú.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn."

Ọdẹkúnlé yí ọrùn. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìta, bí ẹni ń wá ẹni tí wọ́n pè.

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?" ló bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi bí i ti báwo? Àbúrò yín ni mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe mí báyìí níwájú àna."

"Etí mi wúwo. Láti ọ̀hún, mi ò gbọ́ dáadáa."

Akínyẹmí dìde. Ó kó agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gba àárín àlejò kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ará Ìmẹ̀kọ àti tiwa.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sìmẹ́ńtì. "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni olórí ilé. Ẹ gbà á, mo bẹ̀ yín."

Ọdẹkúnlé dìde. Kò yára. Ó gba orí Akínyẹmí kọjá lọ sí àárín, ó jókòó síbi tó ṣófo, ó sì kọjú sí bàbá àgbà Ìmẹ̀kọ.

"Mo mọ obìnrin náà," ló wí. "Ọdún mẹ́ta péré ló lò nílé yìí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ó sì gbé e pọ̀n lọ sí Ìpókíá nígbà tó kọ ọkọ. Ibẹ̀ ni ìran rẹ̀ wà, mo lè dárúkọ wọn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kankan nínú Lábísí. Ẹ gbé ìyàwó yín."

Bàbá àgbà náà mi orí. Ọkọ ìyàwó mí kanlẹ̀. Àwọn obìnrin hó nínú yàrá.

Akínyẹmí ṣì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọdẹkúnlé jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ síbẹ̀.

"Dìde, àbúrò mi," ló wí. "Lọ bu omi wá fún àwọn àlejò."

Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó sì sáré lọ. Mi ò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.